Wákàtí Kan Péré ni Dublin

Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Dublin ní orílẹ̀-èdè Ireland, ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ibẹ̀ kò jìnnà. Inú fíláàtì bàbá wa ní ẹ̀sítéètì Aylesbury, lẹ́bàá Walworth Road ní London, la wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta, a jókòó sáàárín báàgì àti páálí tí a ti dì sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, débi pé àwa fúnra wa kò kà á sí mọ́, àfìgbà tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti lọ, wọ́n á fi páànù irin dí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Nígbà tó yá, lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí bàbá mi máa ń gbà lọ sídìí lífítì, ilẹ̀kùn tiwọn àti ti ìyá arúgbó ará Jàmáíkà kan ló kù tí irin kò tíì bò.

Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà. Gúúsù London ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn. Láti Ìwó ni wọ́n ti wá nígbà èwe wọn, wọ́n ní àwọn á kàwé díẹ̀ àwọn á padà. Wọ́n ríṣẹ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n fẹ́ ìyá wa, wọ́n bí èmi àti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ pípadà sì wá di ohun tí a kì í dárúkọ. Ìyá wa ti ṣáájú wọn lọ. Itẹ́ òkú kan tí wọ́n ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwa Mùsùlùmí la sin wọ́n sí, bọ́ọ̀sì méjì péré ló dé ibẹ̀ láti Peckham, níbi tí mọ́sálásí wọn wà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, bàbá mi á wọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́bàá sàréè, wọ́n á ṣàdúà, wọ́n á padà sílé. Ààyè kan ṣófo lápá ọ̀tún ìyá wa. Bàbá mi ní ibẹ̀ ni kí a tẹ́ àwọn sí. Wọn kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ, ṣe ni wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ìjókòó rẹ̀ hàn.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ Dublin dé ni pé bàbá mi kò lè dá gbé mọ́. Ìgbàgbé ti ń mú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé ìkòkò kaná tí wọ́n sì bá ti mọ́sálásí lọ, ìyá ará Jàmáíkà yẹn ló gbọ́ òórùn tó fi pè mí. Ilé tí kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni fíláàtì náà, fi lọ̀ wọ́n dára, ó ní lífítì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn. Fíláàtì èmi àti ìyàwó mi wà ní àjà kẹrin lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham. Àtẹ̀gùn la fi ń gùn ún, orúnkún bàbá mi kò sì gba àtẹ̀gùn. Nígbà kan tí wọ́n wá bá wa ṣọdún iléyá, èmi àti ìyàwó mi la fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn gòkè bí ẹni gbé àga. Ilé àbúrò mi ní tirẹ̀ ní yàrá nísàlẹ̀, balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì ni òun fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ta ko ìyẹn.

"Bùọ̀dá mi, wákàtí kan péré ni," ó wí. "Kí wọ́n tó pín tíì kárí nínú bàálù, ẹ ti dé."

Bàbá mi ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Wọ́n béèrè bóyá mọ́sálásí wà níbẹ̀. Àbúrò mi ní ó wà, kò tilẹ̀ jìnnà sílé òun. Wọ́n tún béèrè bóyá bọ́ọ̀sì máa ń ti ibẹ̀ wá sí Peckham. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí ojú wọn.

Nígbà tí mo délé, mo wò ó nínú fóònù. Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Gatwick sí Dublin, bí ọ̀ọ́dúnrún máìlì ni, wákàtí kan àti bí ogún ìṣẹ́jú lójú òfurufú. Mo fi han ìyàwó mi. Ó ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé òun lọ síbi iṣẹ́ ní Elephant and Castle máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí Old Kent Road bá ti dí pa. A jọ rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ìparí oṣù, àbúrò mi wá mú bàbá mi lọ.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Camberwell ni mò ń tọ́jú. Èmi ni mò ń ṣí géètì láàárọ̀, èmi ni mò ń tì í, èmi ni mò ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ìgbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi tàbí tí wọ́n bá fún mi láyè lọ́jọ́ Ẹtì ni mo fi ń lọ wò wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo jáde. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, mo sọ̀ ní East Croydon, mo wọ òmíràn lọ sí Gatwick. Wọ́n ní kí á tètè dé, a sì tètè dé. A tò, a bọ́ bẹ́líìtì, a bọ́ bàtà, a ti báàgì wa kọjá nínú ẹ̀rọ. A wá jókòó sílẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tó máa gbé wa kò tíì ti ibi tó lọ dé. Nígbà tó gbéra, ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a balẹ̀ a tún tò fún páásípọ́ọ̀tù, mo dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò, bọ́ọ̀sì náà sì la àárín ìlú já kó tó gbé mi dé apá ìwọ̀-oòrùn níbi tí àbúrò mi ń gbé. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ti fọ abọ́.

Bàbá mi jókòó sínú yàrá wọn nísàlẹ̀, wọ́n wọ súwẹ́tà méjì léra. Lẹ́yìn tí mo dọ̀bálẹ̀ tí a kíra tán, wọ́n béèrè ìgbà tí mo kúrò nílé. Mo sọ ọ́. Wọ́n ronú sí i.

"Wákàtí kan tí ẹ̀ ń pariwo yẹn," wọ́n ní, "ti bàálù nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ pé Dublin wà nítòsí mọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀ lónìí, ọ̀la ni mò ń múra àtipadà, bàbá mi á sì máa wo báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé àlejò tó fẹ́ yára lọ ni mí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

N kò sọ pé ìyà jẹ wọ́n lọ́hùn-ún. Àbúrò mi tọ́jú wọn ju bí mo ṣe lè tọ́jú wọn lọ. Ó ń wọn oògùn wọn, ó ń gé èékánná wọn, ó ń yọ egungun kúrò lára ẹja kí ó má baà há wọn lọ́fun. Ọkọ rẹ̀ ló ń fi mọ́tò gbé wọn lọ kírun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ní Peckham, lẹ́yìn ìrun, bàbá mi àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ nílé kí wọ́n tó bí mi, ohùn wọn á ga, àwọn èrò tó ń kọjá á yà fún wọn. Ní Dublin, àwọn tí wọ́n ń bá pàdé ní mọ́sálásí jẹ́ ènìyàn rere, wọ́n ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń fi wọ́n sí iwájú, ṣùgbọ́n èdè kò pa wọ́n pọ̀. Bàbá mi á kírun tán, wọ́n á jókòó sínú mọ́tò. Àbúrò mi sọ fún mi pé ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ìgbàgbé náà ráyè gbilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan àbúrò mi pè mí. Ó ní òun sùn díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí òun jí, Bàbá kò sí nínú yàrá. Ìdí òpó bọ́ọ̀sì ló ti rí wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n mú tẹ̀sùbáà dání, kóòtù wọn wà lára wọn, ṣùgbọ́n sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ti kọjá. Wọ́n ti bi awakọ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń lọ sí Rye Lane, wọ́n sì ti dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà tàwọn. Nígbà tí àbúrò mi di ọwọ́ wọn mú, inú kò bí wọn, wọn kò sì bá a jà. Wọ́n ní ọkọ̀ Peckham kàn pẹ́ lónìí ni. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ti ilẹ̀kùn iwájú ní kọ́kọ́rọ́ bó bá fẹ́ sùn, ó sì sunkún nígbà tó ń sọ fún mi pé òun ti di ẹni tó ń ti bàbá òun mọ́lé.

Ìgbà ìkẹyìn tí mo fojú kàn wọ́n, ewé ti ń já. Mo mú wọn rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò, wọ́n fi ara ti apá mi. Wọ́n wo àwọn ilé tó tò lọ, gbogbo wọn rí bákan náà, kò sí ẹnikẹ́ni lójú títì. Wọ́n béèrè pé ṣé Walworth Road la wà. Mo ní rárá, Bàbá, Dublin ni. Wọ́n dúró, wọ́n mí.

"Ìyá yín kò mọ ibí o," wọ́n wí.

Mo ní ìyẹn kò burú, pé èmi mọ ibẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò bá ti wọn mu, a sì padà sílé.

Lọ́wọ́ òtútù ọdún náà ni wọ́n kú. Mò ń fọ́n iyọ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá ilé ìwé kí yìnyín má baà mú àwọn ọmọ yọ̀ ṣubú, nígbà tí fóònù dún. Àbúrò mi ni. Kò kí mi rárá.

"Bùọ̀dá mi, Bàbá ti lọ."

Ó ní òun wọlé láti jí wọn sí ìrun àsùbáà, òun sì bá a pé ara wọn ti tutù. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì iyọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ti ń gba géètì wọlé, àwọn kan ń kí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí ohùn mi padà sí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé kí a gbé wọn wá sílé.

Ó ní òun ti mọ̀ pé mo máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pe ìmáàmù, ó sì ti pe àwọn tó ń ṣètò òkú. Kí a tó lè gbé òkú láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, dókítà á kọ̀wé, ìjọba á kọ̀wé, wọ́n á kan pósí tí a fi irin tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á wá ààyè fún un nínú ọkọ̀, àwọn ti ìhín náà á sì yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan náà tí mo ti ń gbé báàgì kọ́ èjìká rìn ni o. Ìmáàmù ní ibi tí ikú bá ká Mùsùlùmí mọ́ ló dára kí wọ́n sin ín sí, kí wọ́n sì tètè ṣe é.

"Màámi ńkọ́?" mo bi í.

"Màámi ti sùn, Bùọ̀dá mi. Bàbá ló wà nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́gun mi. Mo rántí ìgbà tí ìyá wa kú, tí ó bọ́ sí àárín ìsinmi, tí ìwé tí wọ́n máa fi gbé wọn jáde kò fi tètè tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ní gbogbo àkókò náà, bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dé fìlà, wọn kò jẹun, wọn kò bọ́ bàtà. Ẹni tó bá ti wọlé, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kí a jẹ́ kí ìyàwó àwọn lọ sinmi. N kò lè fi irú ìyẹn san ẹ̀san fún wọn. Mo ní kí wọ́n sin wọ́n síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró dè mí. Èmi ni àkọ́bí, èmi sì ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Èmi ló yẹ kí n wọ inú sàréè kí n gba bàbá mi sílẹ̀.

Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ lọ́jọ́ náà ti kún. Èyí tó kọ́kọ́ máa gbéra lọ́jọ́ kejì ni mo rí ààyè nínú rẹ̀. Àbúrò mi ní ìyẹn dára, ọ̀sán, lẹ́yìn ìrun àìlà, ni wọ́n fi ìsìnkú sí, mo sì máa ti dé tipẹ́tipẹ́. Ìyàwó mi fẹ́ bá mi lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a máa fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún. Ó lọ aṣọ funfun mi, ó ká a sínú báàgì, ó sì fi ìpara sí i nítorí pé òtútù máa ń la ètè mi.

Ojú ọ̀run mọ́ gaara lórí Gatwick láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ wa gbéra lásìkò. Obìnrin arúgbó kan, ará Ireland, ló jókòó tì mí. Ó béèrè bóyá ìsinmi ni mò ń lọ lò, mo ní mò ń lọ sin bàbá mi ni. Ó fọwọ́ kan apá mi. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé a ń yí po. Oòrùn gba fèrèsé ọ̀tún wọlé, ó gba ti òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Nísàlẹ̀, kùrukùru funfun bo gbogbo ilẹ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, oòrùn ń tàn sí i lórí. Ó dára lójú. Ibì kan lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ bàbá mi.

Awakọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ láti iwájú pé kùrukùru kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni balẹ̀ ní Dublin, pé Shannon la máa balẹ̀ sí. Shannon wà ní etí òkun lápá kejì orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan kùn, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo bi obìnrin arúgbó náà bóyá ó jìnnà. Ó ní tí a bá rí bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, bí wákàtí mẹ́ta ni.

A kò rí bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn náà ti balẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú wa, èrò sì pọ̀ ju bọ́ọ̀sì lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń sáré kiri, wọ́n ń pín omi. Mo bá ọ̀kan lára wọn sọ̀rọ̀, mo sọ ohun tí mò ń lọ ṣe, ó sì mú mi lọ síwájú ìlà láìsí ẹni tó bínú. Bẹ́ẹ̀ náà, nígbà tí bọ́ọ̀sì wa máa fi gbéra, àkókò ìrun àìlà ti ń kọjá lọ. Mo pe àbúrò mi. Ó ní wọ́n ti bá àwọn olùtọ́jú itẹ́ náà sọ̀rọ̀, wọ́n ti sún un sí àlàásárì.

Mò ń wo ojú ọ̀nà. Pápá ni, màlúù ni, ilé kan ni, pápá ni. Kùrukùru náà wá bá wa lójú ọ̀nà, awakọ̀ sì dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà òtútù, ọ̀sán kì í pẹ́ kú lọ́hùn-ún, itẹ́ òkú sì máa ń ti géètì bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú. Mo mọ̀ ọ́n, àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n. Ó tún pè.

"Bùọ̀dá mi, ibo lẹ dé?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Wọ́n ní a ṣì lè dúró díẹ̀ sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mò ń gbọ́ atẹ́gùn nínú fóònù rẹ̀, mò ń gbọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wúkọ́. Mo mọ̀ pé inú òtútù ni wọ́n dúró sí, pé wọ́n ti gbé bàbá mi sórí ilẹ̀ láàárín wọn, pé kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dúró dè mí mọ́," mo wí. "Ẹ gbé Bàbá wọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pa fóònù. Ó dì í mú sókè, mo sì gbọ́ ohùn ìmáàmù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìrun. Nínú ìrun òkú, a kì í tẹ̀, a kì í forí kanlẹ̀, nítorí náà mo kí i lórí ìjókòó mi, mo gbé ọwọ́ sókè ní ìwọ̀n tí ààyè gbà mí. Obìnrin arúgbó yẹn tún jókòó tì mí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó rí mi, ó ká búrẹ́dì náà padà sínú bébà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, kò sì tún fọwọ́ kàn án títí mo fi sálámà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ erùpẹ̀. Ọkọ àbúrò mi àti àwọn ọkùnrin mọ́sálásí ló gba bàbá mi sílẹ̀. N kò gbọ́ ẹkún àbúrò mi. Fóònù já kí wọ́n tó parí.

Ìdí òpó bọ́ọ̀sì ní Dublin ni ọkọ rẹ̀ ti wá mú mi. Amọ̀ wà lára ṣòkòtò rẹ̀ títí dé orúnkún. Ó fẹ́ gbé mi lọ sílé kí n jẹun, mo ní kí ó gbé mi lọ síbẹ̀ ná. Wọ́n ti ti géètì. Mo di irin rẹ̀ mú, mo wo inú, òkùnkùn ni mo rí, àti ojú ọ̀nà kéékèèké tí wọ́n da òkúta wẹẹrẹ sí. Mi ò tilẹ̀ mọ apá ibi tí wọ́n tẹ́ wọn sí. Ọkọ àbúrò mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bùọ̀dá," ó sì jókòó padà sínú mọ́tò, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi mú mi wọlé. Kùrukùru ti lọ. Òkìtì amọ̀ pupa ni, ó rin, igi kékeré kan wà lórí rẹ̀. A jókòó sórí ọ̀rá tó tẹ́ sílẹ̀. Ó sọ bí ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn ṣe rí: wọ́n mu ògì, wọ́n ní ó gbóná jù, wọ́n ní kí ó wá ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún àwọn, wọ́n sùn. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ó béèrè bóyá mò ń bínú sí òun. Mo ní n kò bínú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó rí i pé n kò lè wo ojú òun, n kò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé pé ojú bàbá mi ló wà lára tirẹ̀.

Bàálù tó gbé mi padà gbéra lásìkò, ó balẹ̀ lásìkò. A ṣe fìdáù ní Peckham. Àwọn àgbà mọ́sálásí wá, wọ́n ṣàdúà fún bàbá mi, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí ibi tí sàréè wà kí òun lè lọ kí i. Mo sọ ọ́ fún un. Ó mi orí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá wa, mo sì bá a pé wọ́n ti sin ẹlòmíràn sí apá ọ̀tún wọn. Wọ́n ti gbin òdòdó sí i. Mo ṣàdúà fún ẹni náà pẹ̀lú.

Èmi àti àbúrò mi kò jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa dínkù. Ìgbà tó pè mí kẹ́yìn, ó ní àwọn ń kó lọ sí Kánádà, ọkọ òun ti ríṣẹ́ síbẹ̀. Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun máa ń ronú nípa Bàbá, pé kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́ nílùú tí a fi wọ́n sí. Mo ní kí ó má jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́, kí wọ́n máa lọ, kí Ọlọ́hun ṣọ́ wọn. Wọ́n sì lọ.

Èmi nìkan ni mò ń lọ báyìí. N kì í sùn níbẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ilé tí mo fẹ́ wọ̀. Nígbà ìsinmi tó kọjá yìí, mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, mo fa koríko kúrò lórí sàréè náà, mo fi omi wẹ òkúta kékeré tí a kọ Yorùbá sí. Òjò dé, mo sá sábẹ́ igi kan títí ó fi dá. Mo ṣàdúà, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ní ọkọ̀ wa máa pẹ́. Mo ra tíì, mo wá ìjókòó kan lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ mi ṣì tutù ní èjìká, mo sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pè wá.